Bí A Ṣe Ń Dáná Bíi Gíríìkì Àtijọ́ Nínú Ilé Oko: Ọjọ́ Kan ní Messinia

Ẹni tó bá fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan dáná bí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe ń dáná, tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ọkà, kó mú wàrà dì, kó sì sun ẹja nínú eérú gbígbóná, òun ni mo kọ èyí fún. Ènìyàn mẹ́jọ ni mo fi díwọ̀n gbogbo èròjà. Messinia ni mo mú, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Peloponnese ní ilẹ̀ Gíríìsì, nínú ilé oko èyíkéyìí tó bá ní ààrò búrẹ́dì onígi, igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ewúrẹ́ díẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ rèé. Ní 1939, Carl Blegen, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, hú àwọn wàláà amọ̀ jáde ní Ano Englianos, nítòsí Pylos, níbi tí wọ́n gbà pé ààfin Nestor, ọba inú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, wà. Nígbà tí Michael Ventris rí ọ̀nà ka irú ìwé tó wà lára wọn ní 1952, ìṣirò ohun ìní àti oúnjẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkà àti ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n ń wọ̀n fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ààfin, àwọn tó ń lọ ọkà sì wà lára wọn. Ìyẹn ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún ó lé igba. Tí ẹ bá wá kúnlẹ̀ ti ọlọ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe rí ní àdúgbò yẹn gan-an lẹ ń ṣe. Ìlú Koroni tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni Gíríìsì fi ṣojú ara rẹ̀ nígbà tí UNESCO kọ oúnjẹ àwọn ará Mẹditaréníà mọ́ àwọn àṣà tó yẹ ká dáàbò bò ní 2010.

Ohun kan ló gbọ́dọ̀ yé gbogbo ẹni tó ń bọ̀: ọkà ni oúnjẹ. Ẹja, wàràkàṣì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ohun tí wọ́n fi ń jẹ ọkà ni gbogbo wọn, bí ọbẹ̀ ṣe wà fún òkèlè. Xenophon, òǹkọ̀wé Gíríìkì, sọ bí Socrates ọlọ́gbọ́n ṣe bá ọ̀dọ́kùnrin kan wí nídìí oúnjẹ, torí pé ó ń jẹ ohun tó wà nínú àwo láì fi búrẹ́dì sí i. Ìyá wo nílé wa ni kò ní bá ọmọ tó kọ́kọ́ kọjú sí ẹran wí? Nítorí náà, bí àkókò bá fẹ́ má tó, ẹ yọ ẹja kúrò. Ẹ má yọ bálì.

Kí ẹ tó dá ọjọ́

Ìparí oṣù April ni mo fara mọ́ jù. Nígbà yẹn, ewúrẹ́ ṣì ń sun wàrà dáadáa, ewé ọ̀pọ̀tọ́ ti fẹ̀, oje rẹ̀ pọ̀, ẹ̀wà fava tútù sì ti wà lóko. Tí ẹ bá dúró di September, ẹ ó rí èso ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ á ti gbẹ lọ́mú, ọ̀ràn wàràkàṣì bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo ọjọ́ Àjíǹde àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kí ẹ tó bá onílé ṣàdéhùn. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ kì í fẹnu kan ẹran, wàrà tàbí ẹyin, kò sì bójú mu kí àlejò máa po wàràkàṣì níwájú ìyá àgbà tó ń gbààwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde ló dáa jù. Ẹ sì rántí pé láti 1 May títí di 31 October ni ìjọba Gíríìsì ń ṣọ́ra fún iná ìgbẹ́ jù lọ. Dídáná ní gbangba ìta ní òfin tó le. Inú ààrò àti ibi ìdáná tó ní ògiri ni kí iná yín mọ. Nọ́ńbà panápaná níbẹ̀ ni 199. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ má gbé tòmátò, ata, àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún wọlé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, Gíríìkì àtijọ́ kankan kò rí wọn sójú. Ẹ fi ṣúgà àti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù sílẹ̀ pẹ̀lú: oyin ló ń ṣe iṣẹ́ ṣúgà, ọtí kíkan ló ń ṣe iṣẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò gba oúnjẹ láìsí ata, kó fara dà á fún ọjọ́ kan. Ata tí àwa náà ń fọ́nnu lé lórí, ọ̀nà òkun kan náà ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ ra nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́jà Pylos tàbí Kalamata: bálì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, kílò kan, ìyẹ̀fun àlìkámà, kílò kan àti díẹ̀, ìyẹ̀fun bálì, 300 gíráàmù, hóró flaxseed, 150 gíráàmù, hóró coriander, 50 gíráàmù, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, ìdajì kílò, àlùbọ́sà líìkì mẹ́ta, áyù, oregano gbígbẹ, yànmọ̀tí, ìkúnwọ́ kan, oyin, ìdajì kílò, òróró ólífì, lítà kan, ọtí kíkan, wàràkàṣì ewúrẹ́ tó ti gbẹ tó ṣeé rin, bí 100 gíráàmù, wáìnì pupa, ìgò méjì. Wàrà tútù lítà mẹ́rin, ọwọ́ onílé ni kí ẹ ti gbà á. Ẹja mẹ́jọ, kí ẹ rà á ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Pliny ará Róòmù ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn Gíríìkì ṣe ń ṣe bálì wọn: wọ́n á rin ín lómi, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá yan án kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìdíwọ̀n kan tó kọ ni ogún páùn bálì sí páùn mẹ́ta hóró flaxseed àti ìdajì páùn hóró coriander, pẹ̀lú iyọ̀. Tiwa ni kílò kan bálì, 150 gíráàmù flaxseed àti 25 gíráàmù coriander, bákan náà ni.

Ẹ fi omi wọ́n bálì títí gbogbo rẹ̀ á fi rin, ẹ má jẹ́ kó rì sínú omi. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí aṣọ mímọ́ nínú ilé, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ po búrẹ́dì. Ẹ da 700 gíráàmù ìyẹ̀fun àlìkámà pọ̀ mọ́ 300 gíráàmù ìyẹ̀fun bálì, ẹ fi 200 gíráàmù ìwúkàrà tó ti jí sí i, omi tó tó 650 míìlì, àti ṣíbí kékeré mẹ́rin iyọ̀. Ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ abọ́ mọ́, ẹ bò ó, ẹ gbé e sí ibi tó tutù. Tí onílé bá ń ṣe búrẹ́dì, òun náà á ní ìwúkàrà nílé; ẹ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: wàrà, aago méje àárọ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Wàrà ewúrẹ́ tútù lè ní àrùn brucella nínú, àrùn náà sì wà láàárín ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Gíríìsì títí dòní. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé àwọn ará àtijọ́ kì í sè é, ẹ dá a lóhùn pé àwọn ará àtijọ́ náà ń ṣàìsàn. Ẹ gbé wàrà kaná jẹ́jẹ́ títí ooru rẹ̀ á fi dé 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ mú un dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀ kó rọra tutù dé nǹkan bí 40.

Bó ṣe ń tutù lọ, ẹ lọ sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, torí pé oje rẹ̀ máa ń bó ènìyàn lára bí oòrùn bá pa á mọ́ ọn, àpá rẹ̀ sì lè pẹ́ lára. Ẹ gé ẹ̀ka tútù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Lójú ibi tí ẹ gé, ẹ ó rí oje funfun tó ń sun ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ohun tí ẹ wá wá nìyẹn. Ẹ fọ ẹ̀ka náà, ẹ la ìdí rẹ̀ sí mẹ́rin, ẹ wá fi í ro wàrà yíká yíká fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, kọ ọ́ pé àwọn kan máa ń fi òwú irun àgùntàn gba oje yìí, wọ́n á fọ̀ ọ́ sínú wàrà díẹ̀, wọ́n á wá da ìyẹn mọ́ ìyókù. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ̀ka yára ju òwú lọ. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Fúlàní ṣe ń ta oje bọmubọmu sínú wàrà kó lè dì, iṣẹ́ kan náà ni oje ọ̀pọ̀tọ́ ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí oje pọ̀ jù ṣá o: wàrà á korò, kò sì sí ohun tó ń gba ìkorò yẹn kúrò.

Ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tí ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ tó là láìlẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó ti dì. Bí kò bá tíì dì, ẹ dá a padà sórí iná jẹ́jẹ́, ẹ máa wò ó. Oje ọ̀pọ̀tọ́ fẹ́ràn ooru ju oje inú ọmọ màlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Bó bá ṣe ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lẹ ó rí i tó ń yapa, tí omi àwọ̀ ewé á máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wá tẹ́ aṣọ funfun sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ hun, ẹ fi ìgbakọ bu wàrà dídì sí i, ẹ gbé e lé orí abọ́. Apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Nínú ìtàn Odysseus, òmìrán olójú kan náà mú ìdajì wàrà rẹ̀ dì, ó sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ híhun. Ihò inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan ń fún un. Ẹ fi iyọ̀ wọ́n ọn lójú. Títí di ọ̀sán ni kó máa ro. Lítà mẹ́rin á fún yín ní bí ìdajì kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má da omi wàrà nù. Ẹ ó lò ó láti fi po bálì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná, aago mẹ́jọ ààbọ̀

Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa bójú tó ààrò. Ẹ fi ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ dá a, ó yára gbiná, kí ẹ tó fi igi ólífì sí i. Igi ólífì ni kì í tètè jó tán. Ẹ máa kóná sí i fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Èéfín á kọ́kọ́ mú kí inú ààrò dúdú. Nígbà tí òrùlé inú rẹ̀ bá padà funfun, ooru ti wọ bíríkì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyan àti lílọ̀ bálì

Bí ààrò ṣe ń gbóná lọ, ẹ gbé agbada irin kalẹ̀ lórí iná kékeré. Ẹ má da bálì ju ìkúnwọ́ mẹ́rin lọ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ tó ń rò ó sinmi. Oru ni yóò kọ́kọ́ jáde, torí omi àná. Lẹ́yìn náà lẹ ó gbọ́ tó ń ta páró-páró, òórùn rẹ̀ á sì yí padà, á kúrò ní òórùn koríko tútù, á di òórùn ohun yíyan. Nígbà tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ mú hóró kan, ẹ fi eyín gé e: tó bá ṣẹ́ láìfà, ó ti jiná. Ẹ yan flaxseed àti coriander lọ́tọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ló tó fún wọn, wọn kì í pẹ́ jóná.

Ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ bálì, ó di orí ọlọ. Àwọn ará ààfin Nestor ń lo òkúta pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ lókè, ẹni tó ń lọ̀ á sì kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ ata rí lábúlé kò nílò olùkọ́. Tí onílé kò bá ní ọlọ, ọlọ kọfí alọ́wọ́yí tó bá tóbi á ṣe é. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ife kan, kí gbogbo yín lọ̀ ọ́. Apá á ro yín. Kò sí ohun mìíràn lọ́jọ́ náà tó lè kọ́ yín ní ìdí tí ààfin fi ní láti ya àwọn obìnrin kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, kó sì máa wọn oúnjẹ fún wọn.

Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Èyí tó bá kù lórí asẹ́, ẹ dá a padà sórí ọlọ lẹ́ẹ̀kan sí i; lẹ́yìn ìyẹn, adìyẹ ló ni ín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀wà lẹ́ńtìlì

Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi lítà méjì, líìkì mẹ́ta tí ẹ gé wẹ́wẹ́, áyù mẹ́rin tí ẹ tẹ̀ fọ́, àti ṣíbí kan coriander tí ẹ gún. Iná jẹ́jẹ́, bí ìṣẹ́jú ogójì. Nígbà tó bá rọ̀ tán ni kí ẹ tó fi iyọ̀, ìdajì ife òróró ólífì àti ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ọtí kíkan sí i. Tí ọtí kíkan bá wọ ibẹ̀ ṣáájú, ẹ̀wà á le, ẹ ó sì jókòó tì í di alẹ́.

Ọbẹ̀ tálákà ni wọ́n ka èyí sí. Wọ́n sọ ọ́ pé Zeno, tó dá ẹ̀kọ́ àwọn Stoiki, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n kan, sílẹ̀, jẹ́ onítìjú ènìyàn, ni Crates tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lẹ́ńtìlì lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e gba àárín àdúgbò Kerameikos ní Athens kọjá. Zeno ń wá bí yóò ṣe fi ìkòkò pamọ́. Crates fi ọ̀pá fọ́ ọ, ẹ̀wà sì ń ṣàn lọ sí i lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ìtàn tó dáa láti sọ nígbà tí ẹ bá ń ro ìkòkò.

Onílé lè gbé ẹ̀wà fava tútù wá pé kí ẹ máa fi wàràkàṣì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹni tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD kò bá tó lára rẹ̀, fava lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi tí yóò fi dèrò ilé ìwòsàn, àìtó yìí kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ó wà láàárín àwọn Gíríìkì náà. Ẹ bi gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó fi kẹ́nu. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní in, kó má fẹnu kàn án rárá. Wọ́n sọ pé Pythagoras ka ẹ̀wà yìí léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: maza àti búrẹ́dì

Maza, ìyẹ̀fun bálì yíyan tí a pò, ni oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn. Ẹ wọn ìdajì kílò ìyẹ̀fun bálì tí ẹ lọ̀, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró ólífì, ṣíbí méjì oyin, kí ẹ wá máa ta omi wàrà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí 200 míìlì ló máa ń gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́: ẹ di í mọ́wọ́, tí ẹ bá ṣí ọwọ́ tí kò tú ká, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó mu omi rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. A kì í sè é mọ́. Yíyan tí a ti yan án ni sísè rẹ̀. Kò ní wú, kò sì ní rọ̀. Bálì kò ní ohun tó ń fà nínú bíi ti àlìkámà, ẹ má retí pé kó rí bíi búrẹ́dì. Ó wúwo lẹ́nu, ó sì ní adùn tó ń dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ ẹ́ díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá tì í bọ ọbẹ̀ ẹ̀wà.

Búrẹ́dì àlìkámà wà fún ọjọ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n ní Solon, aṣòfin Athens, ló pàṣẹ pé maza ni kí wọ́n máa fún àwọn tó ń jẹun nílé ìjọba, kí búrẹ́dì wá kún un lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ọjọ́ àjọ̀dún lẹ wà, ẹ gé ìyẹ̀fun àná sí mẹ́ta, ẹ ṣù ú ní róbótó, ẹ jẹ́ kó wú fún wákàtí kan.

Tí inú ààrò bá ti funfun, ẹ fi ọkọ́ wọ́ ẹyin iná àti eérú jáde wá sí ibi ìdáná tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ kó wọn jọ síbẹ̀. Ẹ má pa wọ́n. Ẹja ń dúró dè wọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ so mọ́ ọ̀pá nu ilẹ̀ ààrò. Ẹ ju ìyẹ̀fun díẹ̀ síbẹ̀: bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó bá rọra pọ́n, ẹ ti búrẹ́dì wọlé, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ gbé ọ̀kan jáde, ẹ kàn án nídìí. Tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó jiná.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹja inú ewé ọ̀pọ̀tọ́

Archestratus ará Gela ní Sicily, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú Kristi, kọ èyí sílẹ̀ ní ewì. Ó ní kí a fi ewé ọ̀pọ̀tọ́ àti oregano díẹ̀ di ẹja, kí a fi koríko so ó, kí a tì í sábẹ́ eérú gbígbóná, kí a sì ṣọ́ ọ kó má jóná. Ó kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí wàràkàṣì níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ìrànù. Àwọn alásè Syracuse ń bí i nínú gan-an nítorí wàràkàṣì tí wọ́n ń dà sórí ẹja. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹja tirẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ìwọ́wé. Ní April, ẹ wá ẹja Titus, èyí tí wọ́n ń pè ní kolios níbẹ̀, tó wọ̀n tó 300 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ìfun rẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyọ̀, òróró àti oregano pa á nínú àti lóde. Ìbọ̀wọ́ yín dà? Ẹ wọ̀ ọ́ padà kí ẹ tó já ewé. Ẹ ti ewé bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè rọ̀, ẹ fi mẹ́ta di ẹja kan, ẹ fi okùn tútù so ó.

Ẹ la àárín eérú, ẹ tẹ́ àwọn ẹja síbẹ̀, ẹ fi eérú bò wọ́n, kí ẹ tó tan ẹyin iná díẹ̀ sókè. Ẹyin iná kò gbọdọ̀ kan ewé. Ogún ìṣẹ́jú sí márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Ewé òde á dúdú. Èyí tó wà nínú á ṣì tutù, tí ẹ bá sì ṣí i, òórùn àgbọn ló máa kọ́kọ́ bá yín nímú, torí bẹ́ẹ̀ ni ewé ọ̀pọ̀tọ́ ṣe ń rùn. A kì í jẹ ewé náà.

Bí ẹja ṣe wà lábẹ́ eérú, kí ẹnì kan gún áyù mẹ́rin nínú odó kékeré, kó fi ìkúnwọ́ kan wàràkàṣì tútù sí i, oyin ṣíbí kan, ọtí kíkan díẹ̀ àti òróró. Ẹ ó máa fi maza nù ún jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: wáìnì àti jíjẹ

Gíríìkì tó mọ ara rẹ̀ kì í mu wáìnì láìfi omi là á. Hesiod akéwì ní ìdá mẹ́ta omi sí ìdá kan wáìnì. Àwọn mìíràn fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀. Ẹ da á pọ̀ nínú abọ́ ńlá kan láàárín, kí ẹnì kan máa bù ú fún ìyókù. Ìdá mẹ́ta sí ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jọ omi sí mi lẹ́nu, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì sí ọ̀kan.

Ẹ bu ife kékeré kan sọ́tọ̀ fún ohun mímu Nestor, níwọ̀n ìgbà tí ẹ wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Homer ní obìnrin kan po wáìnì fún ọba náà, ó fi ohun ìrin idẹ rin wàràkàṣì ewúrẹ́ sí i, ó sì bu ìyẹ̀fun bálì lé e lórí. Ẹ̀dá ìrònú akéwì kọ́ ni ohun ìrin náà: àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú irú rẹ̀ jáde nínú sàréè ní Lefkandi. Ẹ rin wàràkàṣì gbígbẹ sínú wáìnì, ẹ bu bálì wọ́n ọn, ẹ rò ó, ẹ mu ún kíá kó tó rọlẹ̀. Mi ò ní tàn yín: ẹnu á yà yín ju kó dùn mọ́ yín lọ.

Ọwọ́ ni a fi ń jẹun, búrẹ́dì ni ṣíbí. Kò pọn dandan kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àga gígùn bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi àpèjẹ wọn. Irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ní ẹrú tó ń dáná fún wọn ló ni í, ẹ̀yin lẹ sì dáná tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: tagenites, ìyẹ̀fun dídín olóyin

Ẹ fi í parí, nígbà tí iná ti rọ̀. Galen, oníṣègùn ará Pergamon, ṣàlàyé rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Kristi: òróró nínú agbada lórí iná tí kò ní èéfín, ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi omi pò, kí a máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta títí ojú méjèèjì á fi jiná. Ẹ lo ife ìyẹ̀fun méjì sí ife omi méjì dín díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ da oyin lé e ní gbígbóná, ẹ fi yànmọ̀tí yíyan wọ́n ọn.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ààrò

Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú omi lítà kan, ẹ rì wàràkàṣì tó kù sí i, ẹ gbé e sínú fìríìjì. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ tán.

Búrẹ́dì tó ṣẹ́kù, ẹ gé e nípọn bí ìka méjì, ẹ tò ó sínú ààrò, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ lọ sùn. Ooru tó kù á fa gbogbo omi rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe paximadi ní Gíríìsì títí dòní. Tó bá ti le pátápátá títí dé àárín, ẹ kó o sínú àpò aṣọ, ẹ pín in fún ara yín. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù níbi tí kò sí ọ̀rinrin. Kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi wọ́n ọn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ da òróró ólífì sí i, torí eyín kò lè fọ́ ọ ní gbígbẹ.